Káàdì Yẹ́lò Kọ́ Ni Abẹ́rẹ́: Ìtàn Ibà Pọ́njú àti Àwa Yorùbá Ìlú Bìní

   

Nígbà tí a ṣe ìpàdé wa gbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ ibà ló ṣàdédé bẹ́ sílẹ̀. Ìyá kan láàrin wa tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba dìde, ó ní, “Ta ló ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú nínú yín?” Ọwọ́ mélòó kan dìde. Ìyá ní, “Ó dáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nawọ́ yìí, ṣé abẹ́rẹ́ lẹ gbà ni, àbí káàdì?” Ẹ̀rín sọ. Àwọn kan rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ìyá ò rẹ́rìn-ín o. Ó tún ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ò lọ Mẹ́kà, tí ẹ ò lọ Jerúsálẹ́mù, tí ẹ ò lọ Lọ́ńdọ̀nù rí ńkọ́? Ta ló gún yín lábẹ́rẹ́?” Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

Ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ yẹn ló jẹ́ ká jókòó kọ èyí. Ṣebí ní ìpínlẹ̀ Ẹ̀dó tí à ń gbé yìí náà ni ibà pọ́njú ti pa ènìyàn ní ọdún 2018. Kì í ṣe ìtàn àtijọ́, kì í ṣe ilẹ̀ òkèèrè. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: a ti sọ ibà pọ́njú di ọ̀rọ̀ pápá ọkọ̀ òfurufú, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ni. Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

ORÚKỌ TÍ A SỌ Ọ́

Àwọn baba wa mọ ibà kan tí wọ́n ń pè ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ojú á pọ́n, ìtọ̀ á pọ́n. Èdè wa kì í fi bẹ́ẹ̀ ya yẹ́lò kúrò lára pupa, “pọ́n” ló kó méjèèjì. Orúkọ tó dáa ni, ohun tí ojú rí ló sọ. Àmọ́ ó ní ewu tiẹ̀. Ohun tó ń sọ ojú di yẹ́lò pọ̀. Àrùn mẹ́dọ̀wú ń ṣe é. Ibà ẹ̀fọn tó bá le jù ń ṣe é. Inú orúkọ kan náà la kó gbogbo wọn sí, a ó wá se àgbo, a ó sì máa wò ó bóyá á lọ. Láàrin àwọn tí à ń wò yẹn ni ibà pọ́njú gan-an máa ń fara pamọ́ sí, èyí tí òyìnbó ń pè ní yellow fever.

Èyí tí à ń sọ yìí, fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, ẹ̀fọn ló sì ń gbé e láti ara ẹnì kan lọ sí ara ẹlòmíì. Kì í ṣe ẹ̀fọn tí ń kùn sí wa létí lóru. Ẹ̀fọn abilà ni, dúdú tó ní ilà funfun lára àti lẹ́sẹ̀. Aedes aegypti ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Ojúmọmọ ló máa ń jẹni, ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ jù lọ. Nítorí náà, néẹ̀tì tí à ń sùn sábẹ́ rẹ̀ dára fún ibà lásán, kò tó fún èyí. Ìgbà tí ẹ bá ń rokà, tí àwọn ọmọ ń ṣeré níta, ìgbà yẹn ló ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀.

Bó bá ti jẹni, ọjọ́ 3 sí 6 ni ibà fi ń bẹ̀rẹ̀: ara gbígbóná, orí fífọ́, ẹ̀yìn ríro, èébì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bọ́ níbẹ̀, wọ́n á rò pé ibà lásán ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ara wọn á fúyẹ́ fún bí ọjọ́ kan, tí wọ́n á ní ó ti lọ, kó tó tún padà wá pẹ̀lú agbára. Ojú á pọ́n, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín á dàrú, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde lẹ́nu, nímú, nínú èébì. Nínú àwọn tó bá dé ibi èyí, bí ìdajì ló ń kú láàrin ọjọ́ 7 sí 10. Kò sí oògùn kan tó ń pa fáírọ́ọ̀sì náà. Ìtọ́jú ni wọ́n ń ṣe, kí ara lè ja ìjà tirẹ̀. Àjẹsára ni odi tó lágbára jù.

ÀLEJÒ LÓ KỌ́KỌ́ MÁA Ń MÚ

Ìtàn ìlú tí à ń gbé yìí ní ohun kan láti kọ́ wa. Ní 1553, àwọn ọkọ̀ òkun Gẹ̀ẹ́sì tí Thomas Wyndham jẹ́ ọ̀gá wọn dé odò Bìní, wọ́n wá ra ata. Wọ́n dé ààfin. Ọba Bìní gbà wọ́n dáadáa, èdè Potogí ni Ọba fi bá wọn sọ̀rọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ata jọ fún wọn. Àmọ́ ibà ti wọ inú ọkọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ létí odò. Ọ̀gá wọn kú. Nínú bí 140 ọkùnrin tó gbéra láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, agbára káká ni 40 fi padà délé.

Ibà oríṣiríṣi ló ń pa àlejò etí òkun wa nígbà náà, ibà ẹ̀fọn lásán wà níbẹ̀, ibà pọ́njú náà sì wà níbẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ń rí i pé onílé ò kú bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ẹ̀jẹ̀ dúdú ni kò gba àrùn náà. Irọ́ ni. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé: ọmọ tí ibà pọ́njú bá mú ní kékeré, lọ́pọ̀ ìgbà, fẹ́ẹ́rẹ́ ló máa ń ṣe é. Tó bá ti là á já, kò ní mú un mọ́ títí ayé. Nítorí náà, àgbàlagbà onílé ti san gbèsè tiẹ̀ láti kékeré, àwọn tí kò rí i san ti wà nínú ilẹ̀, kò sẹ́ni tó kà wọ́n. Àlejò ló wá ń fi ara àgbà san án.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí àlejò ni àwa náà. Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló ń dáàbò bo ènìyàn, ibi tó gbé dàgbà àti ohun tó ti bá a jà ni. Ẹni tó dàgbà níbi tí àrùn náà kò ti jà ní ìgbà èwe rẹ̀, tí kò sì gba abẹ́rẹ́, ọkàn kan náà ni òun àti ará Gẹ̀ẹ́sì 1553, ì báà jẹ́ ọmọ Èkìtì, ì báà jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú.

Láti etí òkun wa yìí náà ni àrùn ọ̀hún ti bá ọkọ̀ tí ń kó ẹrú sọdá sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òun àti ẹ̀fọn rẹ̀, nínú àwọn àgbá omi mímu. Ní 1793, ó pa bí 5,000 ènìyàn ní ìlú Philadelphia nìkan. Ní Kúbà, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ, dókítà kan tó ń jẹ́ Carlos Finlay sọ ní 1881 pé ẹ̀fọn ló ń gbé e. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Ó di 1900 kí àwọn dókítà ológun Amẹ́ríkà, tí Walter Reed ṣáájú wọn, tó fi ẹ̀rí hàn ní Kúbà kan náà pé òótọ́ ló sọ.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá mọ̀ pé ẹ̀fọn ni, kí ni wọ́n ṣe nílẹ̀ wa? Dípò kí wọ́n tún ìlú ṣe fún gbogbo ènìyàn, wọ́n ya ilé òyìnbó sọ́tọ̀. Wọ́n ní kí àlàfo bí 440 yáàdì wà láàrin wọn àti onílé, kí ẹ̀fọn má bàa lè fò é. Èrò yìí wà lára ohun tó bí àwọn àdúgbò tí à ń pè ní GRA títí dòní. Tí a bá ń kọjá ní GRA Bìní, tí a rí bí ojú títì ṣe fẹ̀, tí igi ṣe pọ̀, ká rántí pé ìbẹ̀rù ẹ̀fọn wà nínú ìpìlẹ̀ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀.

YÁBÀÁ, ÀṢÍBÌ, ÀTI ABẸ́RẸ́

Ibi tí ìtàn yìí ti kàn wá jù lọ nìyí, torí ilé ló ti ṣẹlẹ̀. Ní 1925, àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà gbé àwọn dókítà wá sí Èkó, wọ́n kọ́ ibùdó ìwádìí sí Yábàá láti wá ìdí ibà pọ́njú. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń wá a tí wọn ò rí i mú.

Ní òpin oṣù Kẹfà 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan ní abúlé Kpeve, ní Gold Coast tó di Gánà. Ẹni ọdún 28 ni, Àṣíbì ni wọ́n ń pè é, ibà ń mú un. Wọ́n fún ọ̀bọ kan tí wọ́n kó wá láti Íńdíà ní ẹ̀jẹ̀ náà. Ọ̀bọ kú. Àṣíbì yè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọwọ́ ènìyàn máa tẹ fáírọ́ọ̀sì yìí. Ọ̀kan lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà, Adrian Stokes, kó àrùn náà nínú iṣẹ́ yìí, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà. Ní oṣù Karùn-ún 1928, ibà náà pa Hideyo Noguchi, ará Japan tó lórúkọ káyé, ní Accra. Dókítà William Young tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ tẹ̀ lé e láàrin oṣù kan náà.

Fáírọ́ọ̀sì ara Àṣíbì yẹn ni Max Theiler àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní New York ń tọ́ láti ìran dé ìran nínú lábù, títí agbára ìpànìyàn rẹ̀ fi kúrò. Ní 1937 wọ́n gbé abẹ́rẹ́ tí wọ́n sọ ní 17D jáde. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1951. Abẹ́rẹ́ yẹn náà ni gbogbo ayé ń gbà títí dòní. Ẹ gbọ́ o: abẹ́rẹ́ tí a rò pé ti òyìnbó ni, tí àwọn kan nínú wa ń sá fún, ẹ̀jẹ̀ ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni orísun rẹ̀. Àwa la ni ín. Kódà, ní Yábàá yẹn náà, ìjọba Nàìjíríà ń fúnra rẹ̀ ṣe abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó di pé iṣẹ́ dúró ní 1991. Láti ìgbà náà, à ń dúró de tàwọn ẹlòmíì.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍLÉ NÍ 1987

Bí abẹ́rẹ́ bá ti wà láti 1937, kí ló dé tí àrùn náà ṣì wà? Ìdáhùn kan wà nínú ìtàn ilé wa.

Ní 1946, ibà pọ́njú jà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, irú èyí tí ẹ̀fọn inú ilé ń gbé kiri àárín ìlú kò tún sí lákọsílẹ̀ ní Nàìjíríà fún ogójì ọdún. Inú igbó ló wà. Ọ̀bọ ń kó o, ẹ̀fọn tó ń gbé orí igi ń gbé e láti ara ọ̀bọ sí ọ̀bọ. Ìgbà mìíràn ni ọdẹ tàbí àgbẹ̀ á lọ ko ó.

Ní 1986 ó bú jáde lápá ìlà oòrùn. Ní agbègbè Oju, ní ìpínlẹ̀ Benue, àwọn oníwàádìí fojú bù ú pé ó tó 5,600 ènìyàn tó kú. Ọdún kejì, 1987, ó bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà, tí Ọ̀ṣun ṣì wà nínú rẹ̀. Nínú ìwé ìjọba, ènìyàn 805 ló ṣàìsàn, 416 sì kú. Àwọn tó lọ láti ilé dé ilé rí i pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Báwo ló ṣe ti ìlà oòrùn dé Ọ̀yọ́? Àwọn oníwàádìí ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó ti kó o níbẹ̀ ló gbé e wá. Ẹ̀fọn kì í fò jìnnà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ló gbé e, nínú ara arìnrìn-àjò tó lè máà mọ̀ pé òun gbé nǹkan kan. Nígbà tó délé, ó bá ẹ̀fọn abilà nínú àwọn ìkòkò àti àmù omi wa. Ìyókù dọwọ́ ẹ̀fọn.

Bàbá kan láàrin wa, tó ń rán aṣọ ní Uselu, rántí ọdún náà. Ọmọdé ni nígbà náà, ní ìlú kan ní Ọ̀yọ́. Ó ní ìyá òun fa òun lọ́wọ́ lọ síbi tí èrò tò sí láti àfẹ̀mọ́jú, wọ́n gún òun lápá, òun sunkún délé. Òun ò mọ orúkọ abẹ́rẹ́ náà, kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ òun. Ó kàn mọ̀ pé ìyá ẹnìkejì òun ní kíláàsì kú lọ́sẹ̀ yẹn. Ó bi wá pé ṣé òun ti wà láàbò. A ò lè dá a lóhùn. Bí ibà pọ́njú ṣe máa ń gùn lára ìlú nìyẹn: ẹni tó kú kú, ẹni tó yè á fi ogójì ọdún wà nínú àìmọ̀, torí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀DÓ, 2018

Lẹ́yìn ti ìgbà náà, ariwo rọlẹ̀. Ní 2004 ìjọba fi abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kún èyí tí ọmọ ń gbà ní oṣù 9, pẹ̀lú ti èéyi. Ìyẹn dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa ṣírò: ẹni tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà náà ńkọ́? Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò gbé dé ibùdó ìlera ńkọ́? Àrùn kò jà mọ́ débi tí àwọn ọmọ á fi máa rí i ní kékeré, abẹ́rẹ́ kò sì kárí. Bí àgbàlagbà Nàìjíríà ṣe di àlejò nílé ara wọn nìyẹn.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2017, ó fara hàn lára ọmọbìnrin ọlọ́dún 7 kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ní Kwara. Ilẹ̀ Yorùbá náà ló tún ti yọjú. Láti ibẹ̀ ló ń yọ káàkiri ìpínlẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2018, ìròyìn jáde pé àwọn ènìyàn ń ṣàìsàn, wọ́n sì ń kú ní Ẹ̀dó. Ìjọba ìbílẹ̀ Uhunmwonde, tó pààlà pẹ̀lú ìlú Bìní, wà lára ibi tó ti le. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ka iye rẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án títí di òpin ọdún náà, ènìyàn 146 ni wọ́n fura sí, àyẹ̀wò fìdí 32 múlẹ̀, 26 sì kú. Ìjọba ìbílẹ̀ 15 nínú 18 tó wà ní Ẹ̀dó ló kàn.

Ẹ wo ohun tó jẹ́ kó ṣòro láti tètè mọ̀. Ní Ẹ̀dó, tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ibà ń mú ẹnì kan tí ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde lára rẹ̀, Lásà ló ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn gbogbo ènìyàn. Ilé ìwòsàn Irrua ni gbogbo Nàìjíríà mọ̀ mọ́ ìtọ́jú Lásà. Eku ló ń gbé Lásà, ẹ̀fọn ló ń gbé ibà pọ́njú, àmọ́ lójú ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, wọ́n lè jọra gan-an. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè yà wọ́n, ẹ̀jẹ̀ náà sì ní láti rìn jìnnà, àní títí dé Institut Pasteur ní Dakar, kí ọ̀rọ̀ tó dájú. Kí èsì tó dé, ẹ̀fọn ti jẹ ẹlòmíì.

Ìjọba gbé abẹ́rẹ́ wá lẹ́yìn náà, fún ọmọ oṣù 9 títí dé ẹni ọdún 44. Ká sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ò gbà á. Àwọn kan ní ọjà ò jẹ́. Àwọn kan ní ti àwọn ọmọ Bìní ni, pé ilé la ti máa gba tiwa. Àwọn kan ti lé ní 44, wọ́n ní kò kàn wọ́n. Ẹ̀fọn kì í béèrè ìlú ẹni o. Kì í béèrè ọjọ́ orí ẹni pẹ̀lú.

ILÉ WA, OKO WA

Ẹ wo àyíká wa lónìí. Ṣé omi ẹ̀rọ ń dé ọ̀dọ̀ yín déédéé? Kò dé. Bóhòlù la ní, àbí ọkọ̀ tó ń ja omi. Nítorí náà, a kó omi sínú táńkì, dúrọ́ọ̀mù, kẹ́ẹ̀gì, báàkẹ́tì. Omi tó mọ́ ni ẹ̀fọn abilà fẹ́, kò fẹ́ ti gọ́tà. Inú omi tí a ń pọn láti mu gan-an ló ń yé ẹyin sí. Ẹyin rẹ̀ lè wà lára dúrọ́ọ̀mù gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí òjò tó rọ̀ kó tó pa. Àwọn fọ́kànáísà wa, ẹ máà bínú: táyà tí ẹ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí òjò ń rọ̀ sí, ibi tí ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí ni.

Àwọn ará wa tó wà ní oko kòkó àti oko gbágùúdá ní apá Ovia, ti yín tún yàtọ̀. Ẹ̀bá igbó lẹ wà. Igbó bí i ti Okomu ṣì ní ọ̀bọ nínú, ìyẹn sì dára, Ọlọ́run ló dá wọn. A ò ní kí ẹ pa wọ́n, ìyẹn ò sì ní gba ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí ọ̀bọ, ẹ̀fọn igbó àti ẹni tí kò gba abẹ́rẹ́ bá ti pàdé, ọ̀nà ti là fún àrùn náà. Ẹ̀yin sì ni ẹ ń ti oko wá sí ìlú lọ́jọ́ ọjà, tí ẹ ń ti ìlú lọ sílé fún ìsìnkú àti ìyàwó. Ọ̀nà tí 1987 gbà dé Ọ̀yọ́, irú ọ̀nà tí à ń rìn ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni.

Ọ̀RỌ̀ KÁÀDÌ

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìbéèrè ìyá wa. Gbogbo wa mọ káàdì yẹ́lò. Ní oṣù Kẹta 2012, South Africa dá ọmọ Nàìjíríà 125 padà láti Johannesburg, wọ́n ní káàdì wọn kò jẹ́ òótọ́. Inú wa ru. Ìjọba wa náà dá tiwọn padà, South Africa sì tọrọ àforíjì. Ìtìjú tí wọ́n fi kàn wá kò dára. Ṣùgbọ́n láàrin ara wa, nínú ilé, ẹ jẹ́ ká gbà pé kì í ṣe irọ́ pátápátá ni wọ́n pa mọ́ wa. Àwọn kan nínú wa ti fi owó gba káàdì rí, níbi tí a ò ní dárúkọ, láìrí abẹ́rẹ́ sójú. Torí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ṣe gbé káàdì tuntun tí ẹ̀rọ lè yẹ̀ wò jáde ní 2019.

Ẹni tó ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́ kò tan South Africa jẹ. Ara rẹ̀ ló tàn. Ó kọjá lẹ́nu ibodè, ó padà wálé sí Bìní, ó sì ń fi apá tí kò sí nǹkankan nínú rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi. Bó bá sì kó ibà pọ́njú, ó lè fi orúkọ káàdì yẹn ṣi dókítà lọ́nà, pé kò lè jẹ́ òun, òun ti gba abẹ́rẹ́.

Ohun tó dunni ni pé abẹ́rẹ́ náà rọrùn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ní ọdún mẹ́wàá ni káàdì ń lò, ṣùgbọ́n láti oṣù Keje 2016, òfin àgbáyé ti gbà pé ẹyọ kan tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Ẹ̀ẹ̀kan, títí láé. Mélòó nínú ohun tí à ń ná owó lé lórí ló ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Àwọn òbí, ẹ wo káàdì àjẹsára ọmọ yín lónìí, ẹ wo ti oṣù 9. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ gbé ọmọ lọ sí ibùdó ìlera. Ẹni tí wọ́n bí ṣáájú 2004, tí kò rántí abẹ́rẹ́ kankan, kó má dúró de fisà. Kó lọ béèrè. Àwọn tó ti lé ní 60, àwọn aláboyún, ẹni tí ẹyin kì í bá lára mu, àti ẹni tí àìsàn ti dín agbára ara rẹ̀ kù, kí wọ́n sọ fún nọ́ọ̀sì kó tó gún wọn, kí dókítà lè gbà wọ́n nímọ̀ràn. Tí wọ́n bá tún gbé ètò abẹ́rẹ́ wá sí àdúgbò, ẹ má ṣe sọ pé ti onílé ni. Tiwa ni.

Ẹ bo omi yín. Ẹ fọ ara dúrọ́ọ̀mù dáadáa lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹyin lè kúrò. Ẹ da omi inú táyà àti agolo nù. Ẹni tí ibà bá mú tí ojú rẹ̀ sì pọ́n, ẹ má fi àgbo dá a dúró sílé. Ilé ìwòsàn, kíá. Kí wọ́n sì gbà á láyè láti sùn sábẹ́ néẹ̀tì lọ́sàn-án, kí ẹ̀fọn má bàa mu nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún ará ilé.

Ní ti àwa tó ń ṣe ètò ìpàdé, a ti pinnu láti máa kọ ọ́ sínú ìwé wa: orúkọ, ọjọ́ tí ẹni náà gba abẹ́rẹ́, ibi tó ti gbà á. A ò ní béèrè káàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, abẹ́rẹ́ la ó béèrè. Bàbá wa tó ń rán aṣọ ní Uselu ló kọ́kọ́ ní kí a kọ orúkọ òun. Ó ní òun á lọ gba òmíràn, pé tí ti 1987 bá jẹ́ òun náà, èyí ò ní pa òun lára. Ìyá wa tó béèrè ìbéèrè ló tẹ̀ lé e. Ó ní òun náà ò tíì gbà á rí, ìdí tí òun fi béèrè nìyẹn.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ bá rántí ọdún 1987 nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún wa kí a lè kọ ọ́ pa mọ́. Ẹni tó bá jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwọn tó ti jìn síbẹ̀ ní ọdún náà ti tó wa kọ́gbọ́n.

Ire o. A ó tún pàdé ní ìpàdé wa.